Àmì Ẹyẹ Òkun ní Èbúté Adédiwúrà

Ẹni tó bá fẹ́ kí Alága Àjọ Amójútó Etí Omi ní Ketu káàárọ̀, ó yá kó tètè jí. Kì í ṣe pé ọ̀gá náà máa ń tètè dé ibi iṣẹ́ o. Aago mọ́kànlá ni tirẹ̀. Oyè rẹ̀ ló pọ̀. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ohun tó bá wá fún un láìkọ́kọ́ ka oyè náà tán: Olóyè, Alàgbà, Ẹnjiníà, Họ́nọ́rébù Adédiwúrà Ọlábámijí, Baba Etí Omi, Ìmọ́lẹ̀ Èbúté. Tí èèyàn bá kà á dé ìdí, Shittu tó jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò pariwo pé, "Ó kù!" Onítọ̀hún yóò sì wá ọ̀kan sí i láti inú ara rẹ̀. Bí oyè náà ṣe ń gùn lójoojúmọ́ nìyẹn. Obìnrin kan wá láti Alápẹ̀rẹ̀ láti sọ pé omi ti wọ yàrá òun. Ó kà, ó kà, nígbà tó fi máa kan ọ̀rọ̀ omi, ó ti gbàgbé ohun tó gbé e wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun kàn wá kí wọn ni. Họ́nọ́rébù ní irú àlejò bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí bó ṣe di ẹnjiníà. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ̀ kan ló tú palẹ̀ nígbà kan, tó sì tún un tò. Sukúrù mẹ́rin ṣẹ́kù sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ náà kò sì dún mọ́ títí dòní, ṣùgbọ́n oyè ti wọlé.

Sẹ̀kínát, akọ̀wé rẹ̀, lọ́rọ̀ oyè yìí ń dùn jù, nítorí òun ló ń tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, ṣùgbọ́n Mile 12 ni wọ́n bí i sí, níbi tí ìyá rẹ̀, Alhaja Hùmúàní, ti ń ta àlùbọ́sà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Sẹ̀kínát. Kì í gbó ọ̀gá lẹ́nu. Ohun tó bá ká a lára, inú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ sí, inú náà sì ti kún dé ọrùn.

Ọdún tó kọjá ni wọ́n fi Họ́nọ́rébù ṣe bàbá ọjọ́ níbi àpèjẹ kan tí wọ́n ṣe fún èdè abínibí. Bó ṣe darí dé ló pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, Yorùbá ni gbogbo lẹ́tà tó bá wọ ọ́fíìsì òun tàbí tó bá jáde níbẹ̀. Inú Sẹ̀kínát dùn. Ó tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ dáadáa, ó fi àmì sórí, ó fi sí ìsàlẹ̀, ó gbé e lọ síwájú ọ̀gá. Ọ̀gá wò ó, ó fajú ro.

"Kí ni gbogbo ìdọ̀tí tó wà lórí ìwé yìí?"

"Àmì ohùn ni, sà."

"Ó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ. Gbá a kúrò."

Bẹ́ẹ̀ ni òfin kejì ṣe jáde: lẹ́tà Yorùbá, kò gbọdọ̀ ní àmì. Èyí tó bá sì ti ìta wá pẹ̀lú àmì, Sẹ̀kínát gbọ́dọ̀ tún un tẹ̀ ní fífọ̀ mọ́ tónítóní kó tó dé orí tábìlì.

Ẹ̀yin náà á ti rí i pé ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ẹyẹ wà lọ́kàn ọkùnrin yìí. Ó nídìí. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà ló kọ́ èbúté tuntun sí etí omi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Àgbóyì. Èbúté náà ń léfòó lórí àgbá mẹ́rìnlélógún tó kùn ní búlúù kan báyìí, tó ní òun fúnra òun lòun pò ó, pé kò sí irú rẹ̀ lágbàáyé, tó sì pè é ní Búlúù Adédiwúrà. Sí iwájú èbúté ló gbé pátákó ńlá kan kọ́, tí àwòrán ojú rẹ̀ kún bámúbámú. Kò mọ̀ pé òpó igi méje tó ṣẹ́kù nínú omi láti ara èbúté àtijọ́ ni àwọn ẹyẹ òkun fi ṣe ilé. Ẹyẹ funfun ni wọ́n, fìlà orí wọn dúdú, ẹnu wọn pupa bí ọsàn tó pọ́n. Bí wọ́n bá jẹun tán lójú omi, wọ́n á wá sinmi lórí òpó. Láti orí òpó, wọ́n á fò lọ sórí pátákó. Láti orí pátákó, ẹ mọ ìyókù. Orí imú Họ́nọ́rébù ni wọ́n fẹ́ràn jù.

Ó gbé kóòtù wọ̀, ó kọ òfin fún àwọn ẹyẹ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára igi, láìsí àmì, gẹ́gẹ́ bí òfin: EYE KANKAN KO GBODO BA SI EBUTE YII. ASE ALAGA.

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́, Bàbá Salaudeen, àgbà apẹja kan tó ti ń na àwọ̀n níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Họ́nọ́rébù, dúró kà á láti inú ọkọ̀ rẹ̀. Bó ṣe kà á ni pé ẹ̀yẹ kankan kò gbọdọ̀ bà síbẹ̀, ìyẹn ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún èèyàn pàtàkì.

"Òótọ́ ni," ni bàbá náà wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, n ò tíì rí ẹ̀yẹ kan tó bà síbẹ̀."

Ní ti àwọn ẹyẹ tó ń fò, wọn ò ka òfin náà sí. Bóyá wọ́n tiẹ̀ kà á, tó jẹ́ pé àìsí àmì ló dà wọ́n lójú rú. Họ́nọ́rébù bá pàṣẹ pé tó bá di Ọjọ́rú tó ń bọ̀, kí wọ́n gé òpó méjèèje dànù.

Àṣẹ yìí ni kò wu Sẹ̀kínát láti tẹ̀. Labeebah, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ilé, ọmọ yunifásítì ni, àwọn ẹyẹ náà gan-an ni iṣẹ́ tó fẹ́ fi gboyè kejì. Ọdún méjì ló ti ń lọ sábẹ́ òpó wọ̀nyẹn pẹ̀lú ṣíbí àti ìgò, tó ń ṣa ohun tí ẹyẹ bì àti ohun tó ṣu, tó ń yẹ egungun ẹja inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Alhaja Hùmúàní máa ń ká ọwọ́ lérí ní ìsọ̀ àlùbọ́sà. "Mo rán ọmọ lọ yunifásítì, ìgbẹ́ ẹyẹ ló ń kó bọ̀ wálé!" Ṣùgbọ́n ó ku oṣù kan péré kí iṣẹ́ náà parí. Bí òpó bá lọ, ẹyẹ á lọ, ọdún méjì Labeebah á sì wọ omi.

Labeebah fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bẹ ọ̀gá. Ó ka oyè, Shittu ní "Ó kù!", ó fi "Ọ̀rẹ́ Ohun Abẹ̀mí" kún un, ó wá kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má gé òpó yẹn. Ohun tí àwọn ẹyẹ yẹn ń jẹ ni mò ń kọ́ nípa rẹ̀."

"Kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Ẹja kéékèèké, sà."

"Ẹja ta ni?"

"Ẹja inú omi, sà."

"Inú omi tí mo jẹ́ Alága rẹ̀! Shittu, kọ ọ́ sílẹ̀. Olè ni wọ́n."

"Olè paraku, sà!" Shittu ti ń kọ ọ́.

Labeebah kò jẹ́ kí ó sú òun. Ó ṣàlàyé pé àwọn nǹkan wínníwínní kan wà nínú omi tí ojú lásán kò rí, òun ni ẹja kéékèèké ń jẹ. Ẹja kéékèèké ni ẹyẹ àti ẹja ńlá ń jẹ. Ìgbẹ́ ẹyẹ á tún padà sínú omi, á di oúnjẹ fún àwọn nǹkan wínníwínní yẹn. Ó ní àwọn apẹja pàápàá, ibi tí wọ́n bá ti rí i tí ẹyẹ ń já wọ omi ni wọ́n ń sáré na àwọ̀n sí. "Gbogbo wọn ló ń bọ́ ara wọn, sà. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ìyókù á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀yin náà sì wà nínú rẹ̀, torí ẹ̀ ń jẹ ẹja."

Họ́nọ́rébù dìde dúró. "Èmi! Kí èmi àti ìgbẹ́ ẹyẹ wà nínú ìlà kan náà! Ọmọbìnrin, wo ojú mi. Ta ló ń bọ́ èmi?"

"Ọlọ́run ni, sà!" Shittu ló dáhùn.

"O gbọ́? Tó o bá ní ẹjọ́, kọ lẹ́tà."

Olùkọ́ Labeebah ní yunifásítì, Dókítà Ọláníyan, ló bá a kọ lẹ́tà náà, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ pé. Ohun tó kọ kò le rárá: ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ yẹn lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ká fi òrùka onínọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀, ká wo ohun tó jẹ, ẹ má sì gé òpó. Sẹ̀kínát kà á, ó yé e kedere. Lẹ́yìn náà ló tún un tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin, ó gbá gbogbo àmì kúrò, ó gbé e lọ. Èyí tó dé iwájú ọ̀gá nìyí:

"Si Alaga. Ami eye okun ni Ebute Adediwura. A be yin, e gba wa laaye lati wa se eto ami eye okun ni ebute yin ni Ojobo. Eye nla ni, iru re ko wopo. A o won on, a o si fi ami si i lese, ki gbogbo aye le da a mo nibikibi ti o ba de. A o wo ohun ti o je, a o si ko o sile. E jowo, e ma je ki won ge opo inu omi, nitori ori re ni o n joko si."

Họ́nọ́rébù kà á lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Shittu, ó dé."

"Kí ló dé, sà?"

"Àmì ẹ̀yẹ! Wọ́n fẹ́ fún mi ní àmì ẹ̀yẹ! Àmì ẹ̀yẹ òkun!"

"Òkè òkun ni wọ́n ní lọ́kàn, sà," ni Shittu wí, tó ti dọ̀bálẹ̀. "Òkè ni wọ́n gbàgbé."

"'Ẹ̀yẹ ńlá ni, irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀.' O ò rí i? 'A ó wọ̀n ọ́n.'"

"Wọ́n fẹ́ wọn gígùn yín láti fi gbẹ́ ère, sà."

"'A ó sì fi àmì sí i lẹ́sẹ̀.'" Ojú rẹ̀ rú díẹ̀. "Lẹ́sẹ̀ kẹ̀?"

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí Shittu ń ṣe gan-an, irú ìgbà báyìí ni. Kò ronú tó ìṣẹ́jú kan. "Ọrùn ni wọ́n ń fi í sí fún àwọn kéékèèké, sà. Àwọn tó bá ti kọjá ti ọrùn, ẹsẹ̀ ni."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. 'A ó wo ohun tí ó jẹ́.' Kí wọ́n wò ó! Kí wọ́n wo ohun tí mo jẹ́! 'Orí rẹ̀ ni ó ń jókòó sí.' Ìyẹn ni pé orí òpó ni ẹni tí wọ́n ń dá lọ́lá máa ń jókòó sí. Sẹ̀kínát! Wọn ò gbọdọ̀ gé òpó ní Ọjọ́rú mọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni kí wọ́n gé e, lẹ́yìn tí mo bá ti jókòó tán."

Sẹ̀kínát dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó la ẹnu. "Sà, lẹ́tà yẹn..."

"Oyè!" ni Shittu wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ oyè. Nígbà tó fi máa dé Ìmọ́lẹ̀ Èbúté, ọ̀gá ti gbé fóònù, ó ń sọ fún ẹnìkan nílé pé kí wọ́n kọ̀ láti dáná fún ẹnikẹ́ni tó bá pe òun lórúkọ lásán láti òní lọ. Sẹ̀kínát padà wá lọ́sàn-án, ó ka oyè, Shittu ní "Ó kù!", ó ń wá èyí tó máa fi kún un lọ́wọ́ ni ọ̀gá dìde lọ gé èékánná ẹsẹ̀. Ó tún wá ní ọjọ́ kejì, tòun ti ojúlówó lẹ́tà náà lọ́wọ́. Ọ̀gá rí àmì tó wà lára rẹ̀ láti òkèèrè, ó ní kó gbé ìdọ̀tí náà kúrò níwájú òun.

Ó sọ ọ́ fún Labeebah nílé, ó rò pé ẹ̀rín lásán ni wọ́n máa fi rín. Labeebah kò rẹ́rìn-ín.

"Aunty Sẹ̀kí, ẹ má sọ fún un mọ́. Tó bá mọ̀ pé ẹyẹ ni, ọ̀la ló máa gé òpó."

"Ọjọ́ Ẹtì náà ló máa gé e. Kí ni ọjọ́ méjì fẹ́ ṣe fún ẹ?"

"Ó lè ṣe nǹkan kan. Jọ̀ọ́, ẹ má sọ."

Sẹ̀kínát kò sùn dáadáa. Ó mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá tú, iṣẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ bá a lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí àbúrò rẹ̀ tó to ìgò síwájú, tó ń fi ẹ̀mú kékeré kan ya egungun ẹja tó tín-ínrín bí irun, ó pinnu pé òun ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tó.

Họ́nọ́rébù kò jókòó tẹtẹrẹ. Ó pe Dámiláre káfíńtà, ó ní kó kan àga aláràn-án kan mọ́ orí òpó tó ga jù.

"Ọ̀gá, òpó yìí don old o," ni Dámiláre wí. "Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti ń jẹrà. Person no fit siddon on top."

"Kùn ún ní Búlúù Adédiwúrà. Ohun tí mo bá kùn kì í jẹrà."

Dámiláre kùn ún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà gbogbo Àjọ náà ní Mende, Ìyáàfin Ayọ̀ọlá, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí ọjọ́ tí gbogbo ayé máa mọ ohun tí òun jẹ. Mo mọ̀ pé jẹ́ ló fẹ́ kọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí òfin.

Ọjọ́bọ̀ pé. Wọ́n to àga sí etí omi, àwọn apẹja dúró nínú ọkọ̀, àwọn alábàárù láti Mile 12 yà wá wòran. Ìyáàfin Ayọ̀ọlá jókòó níwájú, báàgì rẹ̀ lórí itan. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé Họ́nọ́rébù lọ sí ìdí òpó, ènìyàn mẹ́rin tì í gòkè. Ó jókòó sórí àga aláràn-án nínú agbádá funfun, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún dé orókún, ó na ọrùn ẹsẹ̀ tó ń dán sí ìta. Òpó náà mì díẹ̀. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ni ó bẹ̀rẹ̀. "Nígbà tí mo dé Ketu, omi wà, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òun jẹ́ omi! Èmi ni mo sọ fún un! Ẹja wà, ṣùgbọ́n wọ́n ń wẹ̀ kiri láìní aṣáájú! Mo wò yíká, mo ní, ta ló kù? Mo tún wo inú díńgí, mo rí i! Ẹ̀yẹ yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Tèmi ni ní tòótọ́, ṣùgbọ́n mo gbà yín láàyè láti wò ó!"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Dókítà Ọláníyan àti Labeebah dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti fi àwọ̀n mú ẹyẹ kan. Ó wà nínú àpò aṣọ lọ́wọ́ Labeebah, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Dókítà wo ọkùnrin tó wà lórí òpó. Ó rò pé ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ òpó ni, inú rẹ̀ sì dùn pé Àjọ náà ka ọ̀rọ̀ ẹyẹ sí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tu ọkọ̀ lọ bá a, torí pé abẹ́ òpó náà ni tábìlì kékeré tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wà, lórí pèpéle tí Labeebah ti dè mọ́ ọn láti ọdún tó kọjá.

Dókítà mú òrùka kékeré jáde. Họ́nọ́rébù rí i tó ń tàn yinrin, ó di ojú, ó na ẹsẹ̀ sí i.

"Ẹ má bínú, Alàgbà," ni Dókítà wí. "Ẹ bá wa gbé ẹsẹ̀ yín kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rù ń ba ẹyẹ."

Họ́nọ́rébù la ojú. "Ẹyẹ wo?"

Labeebah tú àpò. Ẹyẹ yọ orí, ó wo Họ́nọ́rébù lójú kòró, bí ìgbà tí èèyàn rí ẹni tó mọ àwòrán rẹ̀ níbìkan. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn alábàárù, ẹ̀rín náà sì ràn dé inú ọkọ̀. Sẹ̀kínát tó jókòó lẹ́yìn Ìyáàfin Ayọ̀ọlá fi ọwọ́ bo ojú. Ó ti rò pé inú òun á dùn lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá tẹ́. Àánú ló ṣe é. Ẹsẹ̀ tó dán yẹn, tó ṣì nà síta, ló jẹ́ kí àánú rẹ̀ ṣe é.

Dókítà wọn ẹyẹ, ó fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Bí Labeebah ṣe fẹ́ jù ú sílẹ̀ ni ẹyẹ náà na ọrùn, ó bì. Ohun tí Labeebah ti ń retí nìyẹn. Ó ti gbé àwo funfun sábẹ́ rẹ̀. Ẹyẹ fò lọ. Labeebah fi ẹ̀mú rẹ̀ ya ẹja mẹ́rin sọ́tọ̀, ó la ikùn wọn, ó sì dúró.

"Kí lo rí?" ni Ìyáàfin Ayọ̀ọlá béèrè láti etí omi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láàárọ̀ náà nìyẹn.

Labeebah tu ọkọ̀ wá, ó gbé àwo náà fún un. Nínú ikùn ẹja kọ̀ọ̀kan, hóró funfun wẹ́wẹ́ wà, bí àgbàdo tí wọ́n lọ̀ tí kò kúnná. Àwọn mìíràn ní búlúù lára.

"Fóòmù ni, Mà. Irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun nínú páálí. Ẹja rò pé oúnjẹ ni, ó gbé e mì. Ẹyẹ wá gbé ẹja mì. Láti oṣù mẹ́fà ni mo ti ń rí i. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, n kò mọ ibi tó ti ń wá."

"Ó wà nínú ẹja tiwa náà," ni Bàbá Salaudeen ké láti inú ọkọ̀. "Kò sí i tẹ́lẹ̀ rí."

Ìyáàfin Ayọ̀ọlá mú hóró búlúù kan, ó gbé e síwájú ojú. Ó wo èbúté. Ó tún wo hóró náà. "Ọ̀gbẹ́ni Alága, ṣé kò sí ẹlòmíràn tó ní búlúù yìí lágbàáyé?"

"Kò sí!" Ẹnu ti yá ju ọgbọ́n lọ. "Èmi nìkan ni!"

"Kí ló wà nínú àwọn àgbá tí èbúté yìí ń léfòó lé lórí?"

"Àgbá gidi ni, Mà! Àgbá tí kò lẹ́gbẹ́! Mo fi orí mi búra..." Ó dìde lórí òpó láti búra.

Òpó kò gbà. Ó rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí àgbà tó fẹ́ jókòó, ó sì gbé Olóyè, Alàgbà, Ẹnjiníà, Họ́nọ́rébù sínú omi. Omi náà kò ju àyà lọ, ṣùgbọ́n kò mọ̀. Ó fọwọ́ gbá omi títí ó fi kan àgbá kan lábẹ́ èbúté, ó rọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Àgbá náà ya. Kì í ṣe àgbá. Táápólì ni, tí wọ́n wé mọ́ fóòmù, tí wọ́n sì kùn. Fóòmù tú jáde ní àpò àpò. Nígbà tí Họ́nọ́rébù máa fi yọrí, ó funfun láti fìlà dé irùngbọ̀n bí ẹni tí wọ́n da gaàrí lé lórí. Shittu tó máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ wo apá ibòmíràn.

Ìyáàfin Ayọ̀ọlá ní kí Dámiláre ṣí ìyókù. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, kò sí àgbá kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ kúrò nínú omi lọ́jọ́ náà, kí Alága lọ sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè é, òpó mẹ́fà tó kù sì nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n kúkú ránṣẹ́ pè é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n fún un ní lẹ́tà, kò padà sí ọ́fíìsì mọ́.

Lọ́jọ́ tó ṣubú sómi náà, wọ́n wé àpò àlùbọ́sà mọ́ ọn lára ní etí omi, gbogbo èèyàn sì ti tú ká. Sẹ̀kínát ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀.

"O mọ̀," ni ó wí.

"Mo mọ̀, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá sọ."

"O ò bá ti kọ ọ́ sílẹ̀."

"Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, sà. Ẹ ní kí n gbá àmì rẹ̀ kúrò."

Eyín ọ̀gá ń gbọ̀n, Sẹ̀kínát sì fa àpò náà mọ́ ọn léjìká.

Àwọn ẹyẹ dúró sórí òpó mẹ́fà títí àkókò wọn fi pé, wọ́n sì lọ fúnra wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Labeebah parí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní yunifásítì bi í pé báwo ló ṣe mọ ibi tí fóòmù náà ti wá, ó sọ fún wọn, wọ́n sì ní kó tún un sọ, torí wọn ò tíì rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn ìyẹn, òun àti Sẹ̀kínát lọ ra ẹja lọ́wọ́ Bàbá Salaudeen. Wọ́n bá ọkùnrin kan níbẹ̀, bùbá àti ṣòkòtò lásán ló wọ̀, kò sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí Sẹ̀kínát tó mọ̀ ọ́n.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Sẹ̀kínát wí. Bó ṣe wí nìyẹn, ó sì tó.

"Káàárọ̀, Sẹ̀kínát. Àbúrò rẹ nìyí?" Ó wo Labeebah, ó sì gbé ojú sílẹ̀.

Èpìyà kan tó tóbi ló yàn. Bàbá Salaudeen la ikùn rẹ̀ lórí pákó, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Láàárín ìfun ẹja náà, hóró funfun mẹ́ta wà, ọ̀kan ní búlúù. Bàbá sáré fi ọ̀bẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú tì í fún oníbàárà rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Alàgbà. Ó ṣì ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní òmíràn."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ojú sún mọ́ pákó, ó wò ó pẹ́. Labeebah rò pé ó fẹ́ bínú ni. Ó na ìka kan, ó fi kan hóró búlúù yẹn.

"Rárá," ni ó wí. "Ẹ di èyí fún mi, Baba. Tèmi ni."

Bàbá Salaudeen sì dì í fún un.